Wíwá Baba Ńlá Nínú Ìwé Ẹjọ́: Nathaniel Hawthorne àti Adájọ́ Ìlú Salem



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ẹni tí ó ń wá ìtàn baba ńlá rẹ̀ ń wò. Ṣùgbọ́n kí ni kí ó ṣe bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ni ó bá ní ọwọ́ baba ńlá náà? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ìtàn Nathaniel Hawthorne, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tí a bí ní ìlú Salem ní ọdún 1804.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sí ọdún 1692, nígbà tí Massachusetts ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní abúlé Salem, àwọn ọmọdébìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń ké, wọ́n sì ń sọ pé àjẹ́ ń dá àwọn lóró. Mo lo ọ̀rọ̀ náà, àjẹ́, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ ọn jù. Kì í ṣe àwọn tí a ń fi ọ̀wọ̀ pè ní ìyá wa ni òfin wọn ń sọ. Ẹni tí ó bá Sátánì dá májẹ̀mú ni òfin náà ń wá, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún náà, adájọ́ méjì, John Hathorne àti Jonathan Corwin, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Obìnrin mẹ́ta ni a kọ́kọ́ mú wá: Sarah Good, Sarah Osborne, àti Tituba, ẹrú inú ilé àlùfáà Samuel Parris. Àwọn akọ̀wé kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀, ìwé náà sì wà títí di òní. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé Hathorne kò béèrè bóyá Sarah Good jẹ̀bi. Ẹ̀mí búburú wo ni ó ń bá ṣe, àti ìdí tí ó fi ń pa àwọn ọmọ náà lára, ni ó béèrè. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ilé ẹjọ́ tí Hathorne wà lára àwọn adájọ́ rẹ̀ gba ẹ̀rí pé òjìji ẹni tí a fi sùn ni ó wá fún olùfisùn lọ́rùn. Ta ni ó lè fi ẹlẹ́rìí já irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ní koro? Èyí tí ó tún burú ni pé wọn kò pa ẹnikẹ́ni tí ó jẹ́wọ́ tí ó sì dúró lórí ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ní àwọn kò ṣe é ni a so kọ́. Ènìyàn 19 ni a so kọ́, obìnrin 14 àti ọkùnrin 5. Giles Corey, arúgbó tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí ilé ẹjọ́ náà gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ni a to òkúta lé láyà títí ó fi kú. Ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún mìíràn kú sí ẹ̀wọ̀n.

Ní ọdún 1697, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Samuel Sewall, dìde dúró nínú ìjọ ní Boston nígbà tí àlùfáà ń ka ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. John Hathorne kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọdún 1717, òkúta sàréè rẹ̀ sì wà ní Salem. Ní ti àwọn tí a so kọ́, ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ tó fìdí ibi tí a ti pa wọ́n múlẹ̀.

John bí Joseph, Joseph bí Daniel, Daniel bí Nathaniel atukọ̀, Nathaniel atukọ̀ sì bí Nathaniel òǹkọ̀wé. Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí dàgbà, ó fi lẹ́tà kan, w, kún orúkọ ìdílé rẹ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilé ni òun náà wò tí ó fi yí tirẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kò sá fún ìtàn. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú The Scarlet Letter, ní ọdún 1850, ó sọ̀rọ̀ nípa John àti nípa William, bàbá John, tí ó ṣe inúnibíni sí àwọn Quaker. Ó ní òun gba ìtìjú wọn sórí ara òun. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, nítorí nínú oríkì orílẹ̀ wa, a máa ń gbọ́ ìjà àti àléébù baba ńlá pẹ̀lú ọlá rẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó tẹ The House of the Seven Gables jáde. Robert Calef ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1700 pé nígbà tí wọ́n fẹ́ so Sarah Good kọ́, ó sọ fún àlùfáà Nicholas Noyes pé bí ó bá gba ẹ̀mí òun, Ọlọ́run yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀ mu. Hawthorne mú èpè yìí, ó fi í sí ẹnu Matthew Maule, ó sì darí rẹ̀ sí Pyncheon, ọlọ́lá tí ojú rẹ̀ wọ ilẹ̀ Maule. Ẹni tí ó bá mọ ìdílé òǹkọ̀wé yóò rí ohun tí ó ṣe: ó gbé èpè kúrò lórí àlùfáà, ó gbé e ka orí ìdílé ọlọ́lá kan tí ó jọ tirẹ̀, tí àtọmọdọ́mọ ń jìyà ohun tí baba ńlá ṣe.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé adájọ́ ní ọmọ tí yóò wá a. Ta ni yóò wá ẹni tí kò bímọ? Lẹ́yìn tí Tituba kúrò ní ẹ̀wọ̀n, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ nínú ìwé. Elizabeth Johnson, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 ní Andover, ni a dá lẹ́bi ikú ní ọdún 1693. Gómìnà dá a sí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìjọba wẹ àwọn orúkọ mìíràn mọ́ ní ọdún 1711, 1957 àti 2001. Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sí àtọmọdọ́mọ tí yóò bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní North Andover àti olùkọ́ wọn ni ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin, orúkọ rẹ̀ sì di mímọ́ ní ọdún 2022.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Kí a má ṣe ṣí ìwé ìtàn nítorí àtigbé ara wa ga nìkan. Bí a bá rí òṣìkà nínú ìran wa, kí a dárúkọ rẹ̀, kí a sì sọ ohun tí ó ṣe. Bí a bá sì rí ẹni tí kò ní ẹnìkan, kí a fi ara wa ṣe ọmọ fún un.