Ìtàn Tòmátì ní Ìbàdàn

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń ráhùn ní aginjù, wọ́n ka gbogbo ohun adídùn tí wọ́n ti jẹ ní Íjíbítì: ẹja, apálà, bàrà, àlùbọ́sà. Ẹni tí ó bá ka orí kọkànlá Ìwé Númérì dáradára yóò rí i pé wọn kò dárúkọ tòmátì. Wọn kò lè dárúkọ rẹ̀, nítorí ní ọjọ́ wọnnì kò sí ẹnikẹ́ni ní Íjíbítì, ní Kénáánì, ní Róòmù tàbí ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó tíì fi ojú kàn án. Òkè òkun, ní apá ìwọ̀-oòrùn ayé, ni ó wà. Nítorí náà èso tí àwọn ìyá wa ní Ṣàngó kò lè se ọbẹ̀ láìsí, àlejò ni láàrin wa. A rò pé ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀nà tí àlejò náà gbà wọlé, kí wọ́n sì mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn tí ó ti di ará ilé tán, ọ̀nà jíjìn ni a ṣì ń gbà wá a lọ.

Ní ẹ̀bá àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìyá ńlá tòmátì ti ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, èso rẹ̀ kò sì tóbi ju èkùrọ́ lọ. Àwọn ará Mẹ́síkò ni ó gbìn ín, tí wọ́n ń yan irúgbìn èyí tí ó tóbi, títí ó fi di ohun tí ń kún àtẹ́lẹwọ́. Tomatl ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Hernán Cortés àti àwọn ọmọ ogun Spéìn gba olú-ìlú àwọn Aztec ní ọdún 1521, èso náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn Òyìnbó, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí tomate. Ní ọdún 1544 Mattioli, oníṣègùn ará Ítálì, kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé. Síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ènìyàn. Gerard, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ewéko ní ọdún 1597, gbin tòmátì sí ọgbà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yìn ín fún jíjẹ. Ó sì pẹ́ gidigidi lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ tó máa jẹ ẹ́ láìfòyà. Ìdí ẹ̀rù náà ni pé ìdílé tí tòmátì ti jáde wá ní àwọn ọmọ burúkú nínú, àwọn ewéko tí májèlé wà lára wọn, a sì fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ ka òun náà lọ́rùn.

Ìdílé ọ̀hún kì í ṣe àjèjì sí wa. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Swídìn, ní ọdún 1753 kọ tòmátì mọ́ àwọn tí ó pè ní Solanum, níbi tí ìkàn àti ọ̀dú wa wà. Ní ọdún kejì ọ̀mọ̀wé mìíràn yọ ọ́ kúrò. Ní ìgbà tiwa yìí àwọn onímọ̀, nígbà tí wọ́n ti yẹ ohun àjogúnbá inú ara ewéko wò, ti dá a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ata àti tábà pẹ̀lú jẹ́ ìbátan. Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀dú ti mọ ẹbí tòmátì. Bí olùkọ́ bá já òdòdó ìkàn, ti ọ̀dú àti ti tòmátì, tí ó tò wọ́n sí orí tábìlì, àwọn ọmọ yóò rí i fúnra wọn pé ojú kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, ewé òdòdó bí ìràwọ̀, àti ìṣù ṣóńṣó aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ní àárín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sàn ju ojú ìwé mẹ́wàá tí a ń kọ́ sórí.

Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ẹlẹ́rìí. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ata tí ń ta wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n orúkọ àbílé ni gbogbo wọn ń jẹ́, wọ́n sì ti wọ inú òwe àti oríkì wa. Tòmátì nìkan ni ó ṣì ń jẹ́ orúkọ tí ó ń jẹ́ ní ilé baba rẹ̀. Ní èrò tiwa, èyí tó láti fi hàn pé ó dé lẹ́yìn àwọn ìyókù, nígbà tí ahọ́n wa ti mọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó í pè.

Àwọn Òyìnbó ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ó kọ́kọ́ fi Ìbàdàn ṣe ilé ni Alúfáà David Hinderer, ọmọ Jámánì tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán, àti Anna aya rẹ̀. Ní ọdún 1851 ni Hinderer kọ́kọ́ wọ ìlú. Ní ọdún 1853 ni òun àti aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà tí ó lọ sí Abẹ́òkúta àti Èkó dí. Ẹrù kò wọlé, owó kò wọlé, lẹ́tà pàápàá di ohun ọ̀wọ́n. Tọkọtaya náà ta ohun èlò ilé wọn láti fi ra oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Ṣùgbọ́n oko tí ó yí ìlú ká, tí àwọn ológun fi ọ̀pọ̀ ẹrú sí (àwa kò sì yin bí a ti rí àwọn òṣìṣẹ́ náà kó jọ), ni ó ń bọ́ Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà ogun náà. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti òkèèrè wá ni ọ̀nà dídí kọ́kọ́ ń pa lára.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ó dé Kánò ní ọdún 1912. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà tààrà ti wà láàrin wa àti Òkè Ọya, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù sì pọ̀ lórí títì, ohun tí ń tètè bàjẹ́ pàápàá ráyè rìn. Àǹfààní tí Òkè Ọya ní lórí wa nínú ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti agbára apá. Òdòdó tòmátì kò fẹ́ kí òru gbóná. Bí òru bá ti gbóná ju bí ìwọ̀n 21 tàbí 22 Celsius lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ a já bọ́ láìso. Irú òru bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn ní ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ní Kánò, nígbà ọyẹ́, òru a tutù nini, òjò kì í sì rọ̀ tí yóò mú ewé jẹrà. Kìkì omi ni ó kù, a sì rí omi náà nígbà tí a parí ìdídò Tiga ní ọdún 1974, tí omi rẹ̀ ń ṣàn gba ojú ìṣàn lọ sí oko ní àgbègbè Kadawa. Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò máa bá òru gbígbóná jà ní Ìbàdàn?

Ilẹ̀ pàápàá ti ń lọ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ìlú kò tíì tàn dé ìhín, oko ni ó gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó wà láti Mọ́kọ́lá títí dé òkè. A dí odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé ní ọdún 1942 fún omi mímu. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ṣí lọ sí ibi tí ó wà lónìí ní ọdún 1952. Bódìjà tẹ̀lé e; Pólì Ìbàdàn di Pólì ní ọdún 1970; àwọn ènìyàn wá ń kọ́lé ká wọn, ní Ṣàngó, ní Agbowó, ní Sámóńdà. Ẹni tí ó ń dá oko àkùrọ̀ ní etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn rí ilé tí ó dìde lé ibi tí ẹ̀fọ́ àti tòmátì rẹ̀ ti ń so.

Ewu tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí kò fara sin ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ní ọdún 2016 kòkòrò kékeré kan, Tuta absoluta, tí òun náà ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá bí ẹni tí ń tọ ipasẹ̀ gbèsè, jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná àti àyíká rẹ̀, ọ̀wọ́n rẹ̀ sì dé gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Èyí tí ó dùn wá jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021, ní ọjà Ṣáṣá, ní ìhà àríwá Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ tòmátì àti ata ti ń já ẹrù. Ìròyìn tí ó kárí ìlú ni pé láti orí tòmátì tí alábàárù kan dà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ ni asọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó rọlẹ̀, ẹ̀mí ti lọ, ilé àti ìsọ̀ ti jóná, àwọn Yorùbá àti Hausa tí wọ́n ti jọ ń ná ọjà kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún di ẹni tí ń sá fún ara wọn. Ìjọba ti ọjà náà pa fún ìgbà díẹ̀. Ní òpin oṣù náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ẹrù Òkè Ọya dúró kí ó má baà dé Gúúsù, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Níhìn-ín owó tòmátì fò sókè. Lọ́hùn-ún tòmátì ń jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ogun Ìjàyè yóò dá ọ̀nà dídí mọ̀ nígbà tí ó bá tún rí i.

A kò kọ èyí láti fi àgbẹ̀ Kánò sùn. Ó ti bọ́ wa fún ìgbà pípẹ́, ọpẹ́ ni ó yẹ ẹ́. Ìbéèrè wa kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní ọdún 1920 sí 1921 Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tí Aggrey ọmọ Gold Coast (Gánà òde òní) wà nínú rẹ̀, rìn yí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ̀kọ́ bá ìgbésí ayé àwọn ènìyàn mu, kí a kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wọlé nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún 1925. Oko ilé-ẹ̀kọ́ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ṣe? Ọmọ tí ó pẹ́ dé ni a ń rán lọ sí oko. Ọmọ tí kò mọ ìṣirò ni a ń fún ní ọkọ́. Nígbà tí ọkọ́ ti di pàṣán, ọmọ wo ni yóò fẹ́ràn rẹ̀? Irè ọgbà náà, ní ibi púpọ̀, kì í sì í dé ẹnu ẹni tí ó ro ó. Bí a bá ń wá ìdí tí àwọn ọmọléèwé fi sá fún ilẹ̀, kí a má ṣe wá a jìnnà.

Áhábù Ọba fẹ́ gba ọgbà Nábótì kí ó lè fi ṣe ọgbà ewébẹ̀, nítorí ó súnmọ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ó fi wá a. Ṣùgbọ́n pé kí ọgbà ewébẹ̀ súnmọ́ ilé, nínú ìyẹn kò ṣìnà. Tòmátì kò béèrè ilẹ̀ púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn a máa dúró de ìgbà ìrúwé, kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n tó lè gbìn ín sí ìta. Níhìn-ín òjò ni a ń wò. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta, kí a fọ́n irúgbìn sínú agbada àfọ́ tàbí apẹ̀rẹ̀ tí a fi ilẹ̀dú kún, kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní ìrọ̀lẹ́, kí a lọ́ ọ sí ebè, kí àyè tó bí ẹsẹ̀ bàtà méjì wà láàrin igi kan àti èkejì, kí a fi ọ̀pá tì í, kí a sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí òjò má baà ta ẹrẹ̀ sí ewé. Ìdí ni kí a bomi rin, kì í ṣe ewé. Irúgbìn tòmátì ìbílẹ̀, èyí kékeré kíkan tí ara rẹ̀ rí kélekèle, ń fara da ooru wa ju ti òkèèrè lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ràn síwájú sí i lè dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwadìí ní NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin ní ọdún 1975.

Àrùn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo kíláàsì mọ̀. Igi tí ó tutù yọ̀yọ̀ ní òwúrọ̀ yóò rọ jọwọrọ ní ọ̀sán, láìpọ́n, láìjẹ, bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Kí a gé ọ̀pá rẹ̀, kí a fi ẹnu ibi tí a gé bọ inú ife omi mímọ́: bí nǹkan funfun bí wàrà bá ń ṣàn jáde bí òwú, àrùn inú ilẹ̀ ni, kò sì gbóògùn. A ó fà á tu, a ó sun ún, a kò sì ní gbin tòmátì, ata, ìkàn tàbí ọ̀dú sí ibẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta, nítorí àrùn kan náà ni ń pa gbogbo ìdílé. Àgbàdo ni kí a fi sí ibẹ̀.

Èyí tí ó bá yè, tí a gbìn ní oṣù kẹrin, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní oṣù kẹfà sí oṣù keje, nígbà tí irè ẹ̀ẹ̀rùn ti Kánò ti tán lórí ilẹ̀, tí apẹ̀rẹ̀ sì wọ́n ní Bódìjà.