Rickettsia felis

Rickettsia felis jẹ́ bakitéríà tó ń fa àìsàn. Inú yọ̀rọ̀ ló ń gbé, ìyẹn kòkòrò kékeré aláìníyẹ̀ẹ́ tó ń fò kiri ara ajá àti ológbò. Ọdún 1990 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní Amẹ́ríkà, nínú yọ̀rọ̀ ológbò, Ctenocephalides felis, tó tún wọ́pọ̀ gan-an lára ajá. Ní 1994, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ní Texas.

Abo yọ̀rọ̀ máa ń fi bakitéríà yìí ran ọmọ láti inú ẹyin. Ẹyin náà kì í lẹ̀ mọ́ irun ajá. Ṣe ló ń já bọ́ sórí ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni yóò ti pa.

Ara gbígbóná, ẹ̀fọ́rí, ara ríro àti ara sísú ni àmì àìsàn tí bakitéríà yìí ń fà lára èèyàn, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè ṣì í pè ní ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Wọ́n ti rí i lára aláìsàn ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Kẹ́ńyà. Doxycycline ni dókítà sábà ń fi tọ́jú rẹ̀. Kí ẹni tó ń sin ajá máa lo oògùn yọ̀rọ̀ fún un déédéé, kí ó sì máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé.