Ìbọn Ṣakabùlà àti Ọ̀nà Etíkun: Láti Òṣogbo dé Ogun Kírìjì

Ìbọn ṣakabùlà ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ ìbọn gígùn kan sí, èyí tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki ọta àti ẹ̀tù, ìyẹn èròjà dúdú tí ó máa ń gbiná. Nígbà tí ẹni tí ó gbé e dání bá fa irin ìyìnbọn, akọ òkúta kékeré tí a dè mọ́ òòlù ìbọn náà yóò ṣá irin tí ó kọjú sí i, iná yóò ta sí ẹ̀tù díẹ̀ tí a bù sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, yóò sì gba ihò tóóró kan wọlé láti ti ọta jáde. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá lè tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, wọ́n sì ń rọ ọta irin fún un, ṣùgbọ́n òkè òkun, pàápàá Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, ni ìbọn ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ẹ̀tù tí ó dára ti ń wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di ọ̀nà etíkun mú ni ó di agbára ìbọn mú.

Ogun Òwu ti fi èyí hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1820, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òpìtàn Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, àwọn Ìjẹ̀bú tí ilẹ̀ wọn súnmọ́ òkun ni wọ́n gbé ìbọn wá síbẹ̀, nígbà tí àwọn Òwu ṣì gbẹ́kẹ̀ lé àgèdèǹgbé. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dó ti ìlú náà, Ìbàdàn sì rán ogun lábẹ́ Balógun Odérìnlọ láti gbà á sílẹ̀. Ẹṣin tí ó ti borí ní pápá kò rí ìlò tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó, ogun Ìlọrin túká, ìṣẹ́gun yìí ni ó sì dá wọn dúró kí wọ́n má baà sọ̀kalẹ̀ dé etíkun.

Àwọn ará Ìbàdàn tí ó jà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ogun tí ọba ń sanwó oṣù fún. Olóyè ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ń kó ará ilé rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ àti àwọn tí ó sá di í jọ, òun ni ó ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn, nígbà mìíràn ní àwìn, ìkógun ni yóò sì fi san gbèsè náà. Lójú ogun, àwọn tí ó wà níwájú á yìnbọn tán, wọ́n á fà sẹ́yìn láti ki òmíràn, àwọn tí ó wà lẹ́yìn á sì bọ́ síwájú, nítorí kíki ìbọn yìí gba àkókò, ìdúró ni a sì ń ṣe é.

Ọ̀nà yìí ni Ìbàdàn fi ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870. Nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣọ̀tẹ̀ ní 1878, tí Ògèdèngbé, ọmọ Iléṣà tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn, sì di olórí ogun wọn, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti di ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí Sàró (àwọn tí ó padà láti Sierra Leone) àti Àgùdà (àwọn tí ó padà láti Brazil) wà nínú wọn, dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Òǹdó fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé. Ìdí ni a ti ń ki Snider, ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ lè ki í láìdìde, ọta rẹ̀ sì ń jìnnà ju ti ṣakabùlà lọ.  Láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni àgọ́ méjèèjì ti kojú ara wọn, ìró àwọn ohun ìjà tuntun yìí ni a sì gbà pé ó fún ogun náà ní orúkọ Kírìjì. Ìbàdàn tí ó ti borí ní apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá kò lè kọjá ibẹ̀.

A fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, àmọ́ ó di 1893 kí ogun tó tán pátápátá. Láàárín ìgbà náà, ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe òfin ní ìlú Brussels pé kí a má ṣe ta ìbọn ìgbàlódé fún àwọn ènìyàn Áfíríkà mọ́, wọ́n sì yọ ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù lásán sílẹ̀. Ṣakabùlà, tí Snider ti borí ní Kírìjì, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Yorùbá, òun ni àwọn ọdẹ sì ń gbé wọ igbó. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ṣì dárúkọ rẹ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀ títí di òní.