Ǹjẹ́ Oyè Yunifásítì Nìkan Ni Ọ̀nà Ọlà?

Ìwọ ọmọ ilé-ìwé, bí o bá dúró ní etí omi Àpápá, tí o ń wo àwọn ọkọ̀ ńláńlá bí wọ́n ti ń já ẹrù, ó ṣeé ṣe kí o bi ara rẹ pé: mélòó nínú àwọn tí òwò yìí sọ di ọlọ́rọ̀ ni ó gba oyè yunifásítì? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ìtàn ni yóò kọ́kọ́ bá wa dá a lóhùn.

Láàrin ọdún 1921 sí 1926 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ibùdúró mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ńlá sí Àpápá. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ oyè ní láti lọ sí Fourah Bay ní Freetown, tàbí kí ó ré òkun kọjá lọ sí ìlú òyìnbó. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn tó dé. Ti Èkó di ọdún 1962. Nítorí náà, àwọn àgbà tí wọ́n là láìní oyè kò kọ oyè sílẹ̀ rárá. Kò sí nítòsí tí wọn ìbá fi gbà á ni. Àwọn tí ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ tí ó fẹ́ sá kúrò ní ilé-ìwé a máa gbàgbé èyí.

Wo Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí a bí ní ọdún 1911. Ilé-ìwé ìjọba ti àwọn Mùsùlùmí ní Ẹ̀pẹ́ ni ó lọ. Lẹ́yìn náà ni ó di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Hóláǹdì, kí ó tó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1960, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ adójútòfò African Alliance sílẹ̀. Ní ọdún 1980, ó dá ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo igbó àti ẹranko sílẹ̀. Má ṣe fi ojú kékeré wo tábìlì akọ̀wé. Ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ yóò mọ bí a ti ń ka ìwé ẹrù, yóò mọ iye tí ọjọ́ kan ń ná ọkọ̀ tí ó dúró lásán, yóò sì mọ oníbàárà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ilé-ìwé ni èyí náà, àfi pé a kì í wọ aṣọ oyè níbẹ̀.

Henry Fajemirokun, ọmọ Ilé-Olújì, ṣe ológun nígbà ogun Hitila, ó ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò pàtàkì kí ó tó kú ní ọdún 1978.

Ẹ jẹ́ kí a dé Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tí ó fi ajé ṣe orúkọ. Ibẹ̀ ni a bí Odion Ighalo ní ọdún 1989. Orí pápá oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Maracana ni ó ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2019, òun ni ó gba góòlù wọlé jù nínú ìdíje Ife Áfíríkà, góòlù márùn-ún. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń pe orúkọ rẹ̀, rántí àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn kan náà. Ta ni ó mọ orúkọ wọn? Orúnkún tí ó yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tó láti fi òpin sí iṣẹ́ ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ kan sì wà tí kò gba àríyànjiyàn. Kò sí ẹni tí yóò fi ara rẹ̀ sábẹ́ ọ̀bẹ oníṣègùn tí kò gboyè. Síbẹ̀, oyè lásán kò tún rí bí ó ti rí ní ọdún 1960, nígbà tí iṣẹ́ ń wá ẹni tí ó gboyè kiri. Lónìí, ọ̀pọ̀ ni ó gboyè tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi ìwé sílẹ̀ kí o wá sí wáàfù, fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ohun tí ìwọ yóò kọ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwọ yóò ti kọ́ ọ, àti iye ọdún tí yóò gbà. Ìwé tí Edu kà ní Ẹ̀pẹ́ gbé e dé ìdí tábìlì akọ̀wé ní ayé ìgbà náà. Ìwé kan náà, bí a bá gbé e dé Àpápá lónìí, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ka ẹrù, kò ní mú ẹni tí ó ni ín kọjá ẹnu géètì.