Agolo Kékeré Tí Ń Mú Iná Mọ́tò Bọ́ Sákòókò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yin ará, inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò àtijọ́ ni mo ti rí ìtumọ̀ òwe yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ MGB, mọ́tò ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1962 títí di 1980. Èmi náà ní ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé e lọ fún àtúnṣe, mẹkáníìkì yọ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi sùkúrù dí ojú rẹ̀, ó ní mọ́tò eré-ìje kì í lò ó. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. N kì í ra epo láìkọ ọ́ sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, mọ́tò tí ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 28 kò rìn ju 24 lọ mọ́. Ìyẹn ló mú mi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Plọ́ọ̀gì kì í dúró kí písítọ̀n dé òkè pátápátá kó tó ṣáná. Epo àti afẹ́fẹ́ kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ ṣíwájú díẹ̀. Bó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa ró kẹ́kẹ́kẹ́, písítọ̀n sì lè bàjẹ́. Bó bá pẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná, epo á sì ṣòfò.

Láyé àtijọ́, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ètò yìí. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 sí 1927, ní ọ̀pá kékeré kan lábẹ́ sítíárì tí awakọ̀ fi ń mú iná yá tàbí kó fi dá a dúró. Nígbà tó yá, wọ́n fi irin wúwo méjì pẹ̀lú sípíríǹgì sínú dísìtíríbútọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí i, irin náà á máa ṣí síta, iná á sì máa yá sí i. Ẹ́ńjìnnì tó bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ẹgbẹ̀rún (3,000) ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ló ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ ta ló lè bá a?

Ṣùgbọ́n eré nìkan ni irin wọ̀nyẹn mọ̀. Wọn kò mọ ẹrù. Bí ẹsẹ̀ wa bá fúyẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, epo àti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò pọ̀, kì í sì í tètè jó. Iná gbọ́dọ̀ túbọ̀ yá. Iṣẹ́ vacuum advance nìyí: agolo pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísìtíríbútọ̀ Lucas, tó ní awọ rọ́bà nínú. Ẹ́ńjìnnì ń gba inú páìpù fa rọ́bà náà, rọ́bà sì ń fa iná ṣíwájú. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gun òkè, agbára ìfà náà á dínkù, sípíríǹgì á sì dá iná padà. Awakọ̀ eré-ìje kì í gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi nílò rẹ̀. Àwa tí ń lọ síbi iṣẹ́ àti ọjà nílò rẹ̀.

Lára MGB àkọ́kọ́, kábúrétọ̀ ni páìpù náà ti ń fà. Lára àwọn kan tó dé lẹ́yìn, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ má ṣe wo ti aládùúgbò ṣe tiyín.

Ẹ yọ páìpù lọ́dọ̀ kábúrétọ̀, ẹ fi ẹnu fà á, kí ẹ fi ahọ́n dí i. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n, rọ́bà ti ya. Tèmi ṣì dára. Mo dá páìpù padà, máìlì 28 sì padà.

Ẹ jẹ́ ká máa béèrè iṣẹ́ ohun tí àwọn aṣáájú ṣe kí a tó sọ ọ́ nù.