Ìrù Tí Kì í Wọ́lẹ̀: Ìtàn Bí Àwòṣe Egungun Dáínósọ̀ Ṣe Ń Sún Mọ́ Òtítọ́

Lára àwọn ohun ìṣeré tó ń wọ ilé wa ní Ikpinlè àti ní Pobè lóde òní ni àwòṣe egungun dáínósọ̀: pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí ike tí a gé sí wẹ́wẹ́, tí ọmọdé yóò máa tò pọ̀ ní oríkèéríkèé títí yóò fi di odindi ẹranko. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ìtàn ni wọ́n dì sínú àpótí náà, àti pé àṣìṣe àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe kí ó lè jọ ti gidi ní láti kọ́kọ́ mọ ìtàn náà.

Ní ọdún 1854, nígbà tí wọ́n ṣí ọgbà Crystal Palace ní London, ère Iguanodon tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní ìwo lórí imú. Gideon Mantell, oníṣègùn tó ṣàpèjúwe ẹranko náà ní 1825, ti rí egungun ṣóńṣó kan, ó sì gbà pé orí imú ni ipò rẹ̀. Ní 1878, àwọn awakùsà èédú ní Bernissart, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, bá egungun Iguanodon tó ju 30 lọ pàdé nínú kòtò tó jìn ju 300 mítà lọ. Nígbà tí Louis Dollo yẹ̀ wọ́n wò, ó hàn gbangba pé àtàǹpàkò ni egungun ṣóńṣó náà. Ohun tí a fi ṣe ìwo fún ọ̀pọ̀ ọdún padà sí ọwọ́ tó ni ín.

Dollo náà kò ṣàì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó gbé ẹranko náà nàró bíi kàńgárù, ìrù rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀. Ní 1980, David Norman ṣàlàyé pé àwọn iṣan tó ti di egungun ló mú ìrù náà gan, àti pé kò lè tẹ̀ bí Dollo ti tẹ̀ ẹ́ àfi bí a bá ṣẹ́ ẹ. Bákan náà ni Tyrannosaurus tí wọ́n gbé dúró ní New York ní 1915 wọ́ ìrù nílẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n tó tún un tò ní 1995, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ bí afárá, tí ìrù sì gbọ́n sókè láti gbé ìwọ̀n orí. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí kò purọ́. Ibi tí ìmọ̀ wọn dé ni wọ́n ṣiṣẹ́ dé.

Nítorí náà, ìrù ni ibi tí àtúnṣe àwòṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ike, kí àgbàlagbà rì í sínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, kí ó nà án tààrà, kí ó sì tún rì í sínú omi tútù kí ó lè le. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a wo ọwọ́. Nínú àwọn ajẹran ẹlẹ́sẹ̀ méjì, àtẹ́lẹwọ́ a máa dojú kọ ara wọn bíi ti ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Kì í dojú bolẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹranko náà wà láàyè, kèrékèré wà láàárín egungun kan àti èkejì, nítorí náà ó yẹ kí a fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ìyẹ̀fun igi tí a pò mọ́ ohun ìlẹ̀mọ́ sí àlàfo wọn. Ẹ̀kẹrin ni àwọ̀. Egungun tó ti sùn nínú ilẹ̀ fún àìmọye ọdún kì í funfun. Àwọn èròjà inú ilẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ilẹ̀ pupa tiwa àti amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí tó fún wa ní àwọ̀ méjì. Kí a kù wọ́n kúnná, kí a pò wọ́n, kí a fi ra egungun náà, kí a sì nù ún kí èyí tó wọ inú ihò lè kù síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹranko wo ni ó yẹ kí a tò? Tyrannosaurus ti Amẹ́ríkà ló kún inú àpótí wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan wà nítòsí wa. Ní Gadoufaoua, nínú aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Nijẹr, Philippe Taquet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá egungun láàárín 1965 sí 1972. Ní 1976 ni ó sọ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ní Ouranosaurus nigeriensis, orúkọ tó bá èyí tí àwọn Tuareg ń pe awọ́nríwọ́n aṣálẹ̀ mu. Ewéko ni ẹranko náà ń jẹ; ó gùn tó mítà 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; àwọn egungun gíga tò lórí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọgbà. Àwọn kan ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò wọ́n, àwọn mìíràn ní iké ni. Ẹbí Iguanodon ni, nítorí náà ìrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ́lẹ̀.

Egungun tí Taquet fi ṣàpèjúwe rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí Paris, ó sì padà sí Niamey, níbi tó dúró sí ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama. Egungun mìíràn wà ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, láti 1975. Kì í ṣe gbogbo egungun ilẹ̀ Áfíríkà ló rí ọ̀nà ilé bẹ́ẹ̀. Láàárín 1909 sí 1913, àwọn ará Jámánì wa egungun ní Tendaguru, ní ilẹ̀ tó di Tanzania lónìí. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló wà wọ́n, tí wọ́n sì fi orí rù wọ́n dé èbúté Lindi. Boheti bin Amrani jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn. Ní Berlin ni egungun náà wà títí di òní. Àwa tí a rí ìṣúra Abomey 26 tó padà dé láti Paris ní 2021 mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ohun ìní ẹni wà nílé àti kí a máa wò ó nínú ìwé.

Láti 2023 tí ìjọba ti yí padà ní Niamey, ọ̀nà Malanville kò rí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa lè má fojú kan egungun Ouranosaurus láéláé. Àwòṣe tó wà lórí tábìlì nìkan ni ẹ̀rí tí wọn yóò ní, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àtúnṣe tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó mọ iṣẹ́, àwọ̀ egungun tí a rí nínú ilẹ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èyí tí a fi ọwọ́ mọ láti dí àlàfo. Kí àwọn ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí olùwòran lè mọ ohun tí a rí yàtọ̀ sí ohun tí a rò. Ìlànà kan náà ló yẹ kí a tẹ̀ lé nípa ilẹ̀ wa. Òkúta ẹfun Onigbolo tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì kò sí lára ohun ìgbà dáínósọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kú tán ni òkun bo ibẹ̀, tí ìkarahun àwọn ẹranko inú omi sì di òkúta. Bí ọmọ bá béèrè bóyá dáínósọ̀ wà nínú rẹ̀, kí a dá a lóhùn pé kò sí, kí a sì sọ ìtàn òkun náà fún un. Ìtàn náà dùn tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni.