Ètè Nínú Ètò Ẹwà Ojú: Ìdànrè àti Agbègbè Rẹ̀

Àwọn òǹkọ̀wé kan lórí ọ̀ṣọ́ ara a máa da gbogbo ènìyàn dúdú pọ̀, bí ẹni pé gbogbo wọn ni ó ń lu ètè. Àwọn obìnrin Sara ní ilẹ̀ Chad àti ti Lobi ní Burkina Faso ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Ní ti Ìdànrè àti àwọn Yorùbá tí ó yí i ká, àfiwé yìí kò bá ìtàn mu.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ka pélé, àbàjà, kẹ́kẹ́ àti túúrẹ́ mọ́ ilà ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọ̀bẹ olóólà ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe ètè. Ní Òǹdó, aládùúgbò Ìdànrè, ilà gígùn kan ṣoṣo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a mọ̀ wọ́n mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ẹnu, eyín ni wọ́n ń wò: ẹni tí a kò bí èjí mọ́ lè jẹ́ kí a rẹ́ eyín iwájú rẹ̀ kí àlàfo lè wà níbẹ̀. Osùn, ara ni a fi ń kùn. Tìróò, ojú ni tirẹ̀.

Èyí kò fi hàn pé wọn kò ka ètè sí. Orí idẹ Ifẹ̀ tí a wú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ní ètè tí ó kún, tí oníṣọ̀nà sì fa etí rẹ̀ yọ gedegbe. Ère ni wọ́n ṣá, wọn kì í ṣe fọ́tò. Síbẹ̀, ó jọ pé ètè tí ó kún ti jẹ́ ohun iyì láti ilẹ̀ wá. Kò sí ìdí láti tún fi ọ̀bẹ bù kún un.

Lẹ́yìn tí àwọn ará Ìdànrè sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, tí kòkó sì mú owó wọlé, ọjà òkèèrè sún mọ́ wọn. Lípsítíìkì wà lára irú ọjà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan ni ó ń fi kún ètè.

Àwọn tí ó wá ń fẹ́ kí ètè tóbi ni ìtàn wọn ṣòro láti gbójú fò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òṣèré aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà ń fi ọ̀dà sọ ètè ara wọn di ràbàtà láti fi ènìyàn dúdú ṣẹ̀sín. Ní 2011, ìjọba ilẹ̀ kan náà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ hyaluronic acid fún mímú kí ètè kún.